Rédíò Bàbá Àgbà ní Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n Ààwẹ̀

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù ààwẹ̀ ni, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ní ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin. Nígbà tí mo kéré báyìí, rédíò kan ṣoṣo ni agbo ilé wa ní Pópó Yemọja fi ń gbọ́ ìròyìn oṣù. Ti Bàbá Àgbà ni. Inú àpò awọ ni ó ń gbé, ó sì máa ń rùn bí obì, nítorí pé àpò yẹn náà ni Bàbá ń kó obì rẹ̀ sí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yadi.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí wọ́n bá rí oṣù, ọ̀la di ọdún. Bí wọn kò bá rí i, àwọn àgbà yóò gba ààwẹ̀ ọjọ́ kan sí i. Bàbá Àgbà kì í sì í gba ìròyìn oṣù lẹ́nu aládùúgbò, nítorí pé ní ọdún kan ariwo òde ti mú wa pa adìẹ ní ọjọ́ tí kò yẹ. Ìyá mi dúró ti ẹ̀wà tí kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ.

Àǹtí Sìdíkà, àbúrò bàbá mi, ni ó ń tún rédíò ṣe ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti ń kọ́ṣẹ́ ní ọjọ́ tí a kò bá lọ sí iléèwé. Ó pẹ́ kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin gbígbóná tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, òjé tí ó ń so wáyà mọ́ ara wọn. Òkú rédíò kan àti abọ́ tánganran ni ó kọ́kọ́ gbé fún mi: kí n tú u, kí n to ègé rẹ̀ sínú abọ́ bí mo ṣe ń yọ wọ́n, kí n sì tò ó padà. Bí nọ́ọ̀tì kan bá ṣẹ́ kù sínú abọ́, ìkúnlẹ̀ ni. Òfin méjì ni ó ń tẹnu mọ́. Èkíní: ibi tí iná ti ń wọlé ni kí o kọ́kọ́ wò. Èkejì: “Ohun kan lẹ́ẹ̀kan. Tó o bá ṣe méjì pọ̀, tó wá dáa, èwo ló ṣe é?”

Ó ṣí ẹ̀yìn rédíò náà. Òkúta rédíò, bí a ti ń pe bátìrì nígbà náà, ti sun omi sínú rẹ̀.

“Bàbá, ẹ tún ti sá òkúta tó ti kú!”

“Oòrùn Ọlọ́run ni mo sá a sí. Mi ò yan án lórí iná.”

Gbogbo wa ni a ń sá òkúta nígbà náà, a sì gbà pé oòrùn ń jí i. Àǹtí fi òkúta tuntun sí i. Rédíò kò mira. Ó wá rí i pé irin tí òkúta ń fara tì ti dógùn-ún. Nígbà tí ó tún wo inú lọ́hùn-ún, ojú lẹ́ẹ̀dì kan tí ó di wáyà mú ti là. Irin ìjólẹ́ẹ̀dì ti gbóná nínú èédú, kò sì ní pẹ́ tútù. Bàbá ń fi tẹ̀súbáà lu orókún: “Sìdíkà, oòrùn ń wọ̀ o!” Ni ó bá ha ìdógùn-ún, ó jó ojú lẹ́ẹ̀dì náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tan rédíò. Rédíò sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tí a ṣínu tán tí ó kéde pé wọ́n ti rí oṣù.

Bí ilé ti ń hó, Àǹtí na ọwọ́ sí rédíò. “Ẹ jẹ́ n tú wáyà yẹn padà, kí n mọ èyí tó jẹ́ àrùn rẹ̀.”

Bàbá gbá rédíò mọ́ àyà. “Ẹni tó ti jí, ṣé wọ́n tún ń pa á kí wọ́n lè mọ ohun tó kọ́kọ́ pa á ni?”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn ń kí Àǹtí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó fà mí mọ́ra, ó ní, “Má bá wọn sọ pé mo mọ ohun tó ṣe é. Mi ò mọ̀.” N kò tíì gbọ́ kí àgbà kan sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń yìn ín.

Lónìí, nínú yàrá kan nítòsí Mápó, mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irú iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe rédíò mọ́. Ègé pẹlẹbẹ kan ni, kọ̀ǹpútà tí kò tó ìka méjì, tí a ń kọ àṣẹ sínú rẹ̀. Mùnírátù, ọ̀kan nínú wọn, ń fi tirẹ̀ ṣe ohun tí yóò máa ké bí omi bá kún táǹkì. Kò ké. Ó pààrọ̀ wáyà, ó pààrọ̀ bátìrì, ó tún gbogbo àṣẹ kọ. Ni ẹ̀rọ náà bá ké.

“Mà, ó ti ṣiṣẹ́!”

“Èwo ló ṣe é?”

“Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, Mà. Ó ṣáà ti ṣiṣẹ́.”

Mo gbọ́ ohùn Bàbá Àgbà lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kí ó dá wáyà àtijọ́ padà: ó ń ké. Ó dá bátìrì àtijọ́ padà: kẹ́kẹ́ pa. Ó wá mọ̀ pé bátìrì ni. Irinṣẹ́ wọn dára ju tiwa lọ, bátìrì wọn kì í ṣe ohun tí à ń sá, kò sì sí oṣù tí wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ní àyè láti tú u wò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ lo àyè náà.

Àwa kò ní in. Bàbá ti kú, Àǹtí Sìdíkà ti kú, rédíò náà kò sì sí mọ́. Bóyá ìdógùn-ún ni, bóyá ojú lẹ́ẹ̀dì ni, a kò mọ̀.