Imú Ìyá Onílé Wa

Kí ìyá onílé wa ní Àgbowó tó dáhùn ìkíni akẹ́kọ̀ọ́ kankan, imú rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Bí wọ́n bá ti rí irorẹ́ dúdú wínníwínní níbẹ̀, onítọ̀hún ò lọ mọ́ nìyẹn. Wọn á gbé abọ́ omi gbígbóná kalẹ̀, wọn á fi ìborùn bò ó lórí kí ooru lè rọ ojú rẹ̀, wọn á wá fi oyin ra imú náà jẹ́jẹ́.

"Má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ o, á dápàá!"

Ṣùgbọ́n irorẹ́ yìí náà ló kún imú tiwọn. Ẹnu yún mi títí, mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Mọ́mì, tiyín ńkọ́?"

Wọ́n wo bàbá onílé, tí ojú wọn ti fọ́, níbi tí wọ́n jókòó tì rédíò.

"Ọwọ́ ni bàbá yín fi ń mọ ojú mi báyìí. Ṣé kí n wá di àlejò lọ́wọ́ wọn ni?"