Àmín Tó Kọ́kọ́ Wọlé

Ariwo àmín ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo ń gbé ní Arcella, lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin Padova, ní Italy. Kì í ṣe àmín ẹnu o, àmín orí fóònù ni. Ìjọ wa ní gúrúùpù WhatsApp kan, èrò ibẹ̀ sì pọ̀ ju èrò ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Àwọn ará Torino wà níbẹ̀, àwọn ará Alessandria wà níbẹ̀, àwọn kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí wọ́n gbà wọlé. Pásítọ̀ wa ní a kì í ti ilẹ̀kùn ilé Olúwa.

Páálí ni mo ń gbé ní ilé ìkẹ́rùsí, ìyàwó mi sì wà ní Abẹ́òkúta. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń wá nígbà náà ni kí ìjọba Italy jẹ́ kí ó wá bá mi. Mo ti rí ilé tó tó ènìyàn méjì gbé, mo ti ń kó ìwé jọ. Àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti ilé, inú ń bí wọn. Wọ́n ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fi dandan gbà lọ́wọ́ tẹrú-tọmọ ti ń jò, àwọn kan ti ń ta orúkọ àti ojú ọmọ ọlọ́mọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni ta ẹ̀pà. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, inú apẹ̀rẹ̀ lẹ̀yin ń pọnmi sí. Níbí, kí oníṣègùn eyín tó wo ẹnu mi, mo gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé privacy tó ń dáàbò bo àṣírí mi.” Wọ́n ní, “Ó dáa, ará Òyìnbó.”

Kò pẹ́ sí i, pásítọ̀ kéde àkànṣe àdúrà fún permesso, ìyẹn ìwé ìgbélùú wa. Kí kálukú ya fọ́tò permesso rẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn, kí ó fi sí gúrúùpù, kí àwọn jagunjagun àdúrà lè gbé ọwọ́ lé e. Wọ́n ní kí ó hàn ketekete, kí áńgẹ́lì má baà ṣi ẹni mú. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Padova níbí dìde, ó ní, “Pastore, ma la privacy?”, pé àṣírí wa ńkọ́. Ìyá rẹ̀ fi ìgúnpá gún un. Pásítọ̀ ní ẹ̀mí ìbẹ̀rù kò ti ọ̀dọ̀ Olúwa wá, gbogbo wa sì ké àmín lé ọmọ ọlọ́mọ lórí. Ohùn tèmi ló lọ sókè jù. Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, mo ya permesso, mo tún fi páṣípọ́ọ̀tù kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè rẹ̀, kí àdúrà tèmi lè kún dáadáa. Kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, àmín kan ti wọlé. Mo ní arákùnrin yìí mà fẹ́ràn mi o.

Ìgbà tí mo lọ gba ìwé tó kù ní Comune, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó gbójú sókè, ó ní, “Signore, lei abita a Udine.” Èmi tí n kò dé ìlú Udine rí, ó ní ibẹ̀ ni mo ń gbé. Ó ní ọlọ́pàá àdúgbò ti lọ wo ilé náà, wọ́n sì bá mi nílé, èmi àti obìnrin tí a jọ ń gbé. Bí ìwé ìyàwó mi ṣe dúró nìyẹn, torí ta ni yóò fún ọkùnrin tó ti ní obìnrin ní Udine láyè láti kó òmíràn wá sí Padova?

Mo pe ìyàwó mi, mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ mi dé òpin, kò bú mi. Ó ní, “Ẹ bá mi kí ìyàwó yín ti Udine. Ṣé ó mọ ọbẹ̀ sè?” Ó pa fóònù. Ìbá sàn kó bú mi. Mo sunkún nínú tram lọ́jọ́ náà, ojú ò tilẹ̀ tì mí.

Mo fẹjọ́ sun ọlọ́pàá, mo sì gba ọ̀dọ̀ pásítọ̀ lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá ni. Wọ́n ní kí n ya fọ́tò ìwé ẹ̀sùn náà sí gúrúùpù, kí ìjọ lè bá mi gbé e síwájú Olúwa. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀. Tiwa kì í ṣe ògiri tó lanu, àwa la kọ́lé láìmọ ògiri, tí a wá ń ké sí alángbá pé kó wá bá wa ṣe àmín.

Nígbà tó yá, ọlọ́pàá Udine ránṣẹ́ pè mí, wọ́n fi fọ́tò ẹni tó fi ìwé mi gba ilé, tó ń jẹ́ orúkọ mi, hàn mí. Mo mọ̀ ọ́n. Arákùnrin kan láti Alessandria ni, tó máa ń wá sí ìsọjí wa, tó ti dì mọ́ mi rí. Mo ṣí gúrúùpù níbẹ̀, mo yí i padà sẹ́yìn títí mo fi kan fọ́tò permesso mi. Òun ló ni àmín tó kọ́kọ́ wọlé.

Ó pẹ́ kí orúkọ mi tó kúrò ní Udine, ṣùgbọ́n ó kúrò, ìyàwó mi sì dé. Ẹ̀gbọ́n mi ò yé pè mí ní ará Òyìnbó. Wọ́n ní tàwọn, ìjọba ló tú àwọn síta, àwọn ṣì rí ẹni bú. Èmi ò rí ẹni bú. Lọ́jọ́ tí permesso ìyàwó mi jáde, mo tẹ́ aṣọ funfun yẹn sórí tábìlì, mo yọ fóònù, mo ní ká fi dúpẹ́ ní gúrúùpù. Ìyàwó mi wò mí. Ó mú ìwé rẹ̀ kúrò lórí aṣọ, ó tì í bọ inú àpò rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ fẹnu sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Ó gbọ́ Yorùbá.”

Ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́ títí dòní. Bí mo bá sì gbọ́ àmín tó yá jù, ọwọ́ mi á ti dé àpò.