Ìyá Ọkọ Mi àti Heizung Wa

"Èmi ò bá yín jà o." Bí ìyá ọkọ mi bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí o yáa múra ìjà. Nígbà tí ó wá kí wa ní Harburg nílẹ̀ òyìnbó, Heizung, ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná, ló dójú sọ. Heizung yìí á ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún kú, gbogbo ilé á sì tutù rinrin.

"Èmi ò bá yín jà o, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni ẹ̀rọ yín yìí."

Ọkọ mi bu omi kún ẹ̀rọ náà, ó tú afẹ́fẹ́ inú àwọn irin rẹ̀ jáde, pàbó ló já sí. Oyún wà nínú mi, eyín mi ń gbá ara wọn. Ìyá nìkan ni òtútù ò mú. Ó ti ra hítà kékeré kan ní Veddel, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri pálọ̀ níbi tó máa ń jókòó sí. Ó ní àgbà kì í kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn.

Lọ́jọ́ kan tí mo gbé tíì lọ fún un, mo rí i pé òkè hítà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tó ń wọn ooru ilé wà. Ooru hítà ló ń wọ̀n, ló rò pé gbogbo wa ti gbóná, ló fi ń pa Heizung.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, hítà yín ló ń pa á."

Ó wo ògiri tìkà-tẹ̀gbin. "Àṣé ó ń yọ́ ooru mi jẹ!"

Ó gbé hítà wọ yàrá rẹ̀. Kò pẹ́ tí ilé fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó bọ́ súwẹ́tà kan, ó yíjú sí ọkọ mi: "Ìwọ tí ò ń tú irin kiri, ṣé o ti rí bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe?"