Bàbá Àpótí Wá Díjéè fún Ìgbéyàwó Ọmọ Rẹ̀

Káfíńtà ni Bàbá Àpótí, ṣùgbọ́n kì í kan ibùsùn, kì í kan ilẹ̀kùn. Àpótí sípíkà nìkan ló ń kàn, àwọn àpótí gàgàrà tí àwọn díjéè máa ń tò léra wọn níbi àríyá. Bí o bá gbé pákó wá fún un, á fi ìka kàn án kó-kó, á dẹ etí sí i, á sì sọ fún ọ bóyá ohùn á dúró nínú rẹ̀ tàbí á sá jáde. Ó mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Owó gan-an ló sì tún mọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká pè é bó ṣe jẹ́: ọkùnrin náà háwọ́. Ìṣó tó bá wọ́, á lù ú títí á fi nà, á tún fi kan òmíràn. Kò sí ọjà tí kì í ná, kò sì sí ẹni tó ń tajà tí kì í káàánú ara rẹ̀ bó bá rí i tó ń bọ̀.

Àwọn ènìyàn ń fi í rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá ọmọ náà ń ṣàìsàn, ilé ìwòsàn tí kò wọ́n ni Bàbá Àpótí ń wá kiri. Ó dé ìhín, ó ná an. Ó dé ọ̀hún, ó ní wọ́n fẹ́ fá òun lórí ni. Ibi tó ti ń ná an ni obìnrin náà kú sí. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ó rò pé ọjọ́ ṣì pọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ wá kó ẹrù ọmọ náà sínú báàgì, ó mú un lọ, kò bú u, kò sì yọjú sí i mọ́. Láti ìgbà náà, bí ọmọ náà bá wá kí i, bí àlejò ló ń jókòó, létí àga.

Ìgbà tí ọmọ náà fẹ́ lọ ilé ọkọ, àǹtí rẹ̀ tó mú un lọ yìí náà ló gbọ́ gbogbo ìnáwó. Ó san owó gbọ̀ngàn, ó ra aṣọ, ó wá alásè. Bàbá Àpótí gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ará ìta. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ojú wo ni ì bá fi béèrè? Ìgbà tó wá rí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ayùn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.”

“O ṣeun, ìyá mi. Ṣé kò sí o?”

“Kò sí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá díjéè. Òun nìkan ló kù. Mo sì ní ta ló tún mọ̀ wọ́n jù yín lọ?” Ó fi ọwọ́ gbá lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó. “Mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin jọ jó. Bí wọ́n bá jẹun tán.”

Bàbá Àpótí ní kò burú, kò burú, ó sọ ọ́ títí ó fi dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ mìíràn ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà lọ tán, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sunkún. Bó bá ṣe èyí dáadáa, yóò tún di bàbá. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó bọ́ sọ́nà. Díjéè àkọ́kọ́ ní ọ́fíìsì tó tutù nini. Ìgbà tó dá iye tí yóò gbà, Bàbá Àpótí béèrè bóyá ọ́fíìsì náà ló fẹ́ tà fún òun. Èkejì, obìnrin ni, ó ń gbé orin sí létí ọjà. Owó tirẹ̀ kò pọ̀ jù, apá Bàbá Àpótí ká a. Ṣùgbọ́n ìbéèrè pọ̀ lẹ́nu rẹ̀: Aago mélòó lẹ máa bẹ̀rẹ̀? Aago mélòó lẹ máa parí? Orin wo ni ìyàwó fẹ́ràn? Bí iná bá lọ ńkọ́? Ó mú ìwé jáde kí àwọn méjèèjì jọ fọwọ́ sí i. Bàbá Àpótí kò gbọ́ ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀. Àpótí obìnrin náà ló ń kàn kó-kó. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ti ń ṣí.

“Ìwọ ọmọ yìí,” ó ní, “ìdọ̀tí ni wọ́n fi ṣe nǹkan yìí fún ọ.” Ó sì jáde.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń pè ní Ìjì. Bí Bàbá Àpótí ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló rí àpótí mẹ́rin tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀, ti àtijọ́, tí òjò ti bà jẹ́. Ó dà bí ẹni tó pàdé ìbátan ní ìlú àjò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ìjì ò gbà, Bàbá Àpótí ò gbà. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò: Bàbá Àpótí á kan àpótí mẹ́rin tuntun fún un, Ìjì á sì gba ìdajì owó.

“Ṣé ká kọ ọ́ sílẹ̀?” Ìjì béèrè.

“Kí la fẹ́ fi ìwé ṣe láàárín ara wa? Ṣé a ò mọra ni?”

Inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn. Ó ní òun ti fi ọwọ́ san ohun tí àwọn òpè ń fi àpò san. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn?

Ohun tó wá jọni lójú nìyí: ọkùnrin ahun yìí kò ṣahun lórí iṣẹ́ náà. Kò lo ìṣó tó wọ́. Ó ra pákó tó nípọn, ó ra aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń bo àpótí, ó fi irin dídán sí gbogbo igun. Bí ó bá jókòó ṣírò rẹ̀ ni, owó obìnrin etí ọjà yẹn ì bá ti jáde níbẹ̀ ná. Kò ṣírò. Bó bá ń họ pákó, ijó ló ń rò. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ kò tíì jáde lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìjì kó wọn síwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń kọjá ń dúró wò, ọkọ̀ ń rọra rìn. Bàbá Àpótí náà máa ń gba ibẹ̀ kọjá, kó lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Kò mọ̀ pé ọjà lòun ń bá Ìjì pàtẹ.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Ìjì dé ní àsìkò, ó to àpótí mẹ́rin sí igun gbọ̀ngàn, ohùn sì jáde. Ohùn náà mọ́, ó rinlẹ̀, ó ń gbá àyà láìdun etí. Ọmọ rẹ̀ wò ó láti orí àga ìyàwó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Bàbá Àpótí tún fìlà ṣe. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó tọ́ ọ wò lásán ni, ijó ló ń dúró dè.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àwo ni orin dákẹ́. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí Ìjì tó ń ká wáyà, àwọn alábàárù méjì sì ti gbé àpótí kan dé ẹnu ọ̀nà. Ó sáré lọ bá a.

“Kí lò ń ṣe?”

“Bàbá, ẹ má bínú. Olówó kan rí àpótí yìí níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní àpótí náà gan-an lòun fẹ́ níbi ọjọ́ ìbí òun. Òní ni. Iye tó san, ẹ̀yin náà ò ní kọ̀ ọ́.”

“Òní ni ìgbéyàwó ọmọ mi!”

“Mo sì wá, àbí mi ò wá? Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbé orin sí i. Ẹ ò bá mi sọ aago tí n ó parí.”

Lóòótọ́, Bàbá Àpótí kò sọ ọ́. Ó sọ̀rọ̀ pákó, ó sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, ó ná owó títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, kò sì bi ẹni tó fẹ́ gbé orin sí níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní aago tí yóò lọ. Bí ti ilé ìwòsàn náà tún ni. Ó jókòó lé àpótí tó kù kẹ́yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

“Èyí ò ní jáde níbí. Ẹ pa mí kẹ́ ẹ tó gbé e.”

Àwọn alábàárù dúró. Àlejò ń wò. Ó ń retí kí àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kí ilé dàrú lé òun lórí. Ilé kò dàrú. Àǹtí kàn gbé ọwọ́ sókè sí ọ̀nà ẹ̀yìn, bí ẹni tó ń béèrè omi. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun wọlé láti ibẹ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé tábìlì, àwọn méjì sì gbé sípíkà kéékèèké tẹ̀ lé e. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, orin ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun ti aṣọ funfun.

“Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ.”

“Ta nìyẹn?”

“Díjéè ni.”

“Ta ló pè é?”

“Èmi ni, sà.”

“Nígbà wo?”

Ó wo ilẹ̀. “Kí n tó wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti san owó rẹ̀.”

“Kí ló dé tó o wá rán mi níṣẹ́?”

“Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan ṣe ni, Bàbá.”

Ọmọ náà kò bínú. Bó bá bínú ni, Bàbá Àpótí ì bá rí ibi dì mú nínú ìbínú náà, ì bá bẹ̀ ẹ́, ì bá wólẹ̀. Ọ̀nà tó gbà sọ ọ́ ni a fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Kò sí ìgbà kan tí ọmọ náà ti gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọwọ́ Bàbá Àpótí tú lára àpótí náà, àwọn alábàárù sì gbé e.

Díjéè tuntun náà pe bàbá ìyàwó síta fún ijó. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á dé àárín gbọ̀ngàn, ó ń fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ hàn án bí yóò ṣe gbé e. Bàbá Àpótí ń tẹ̀ lé e. Orin náà dùn, kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ sọ pé kó jọ̀ọ́, kó foríji òun, ti òní àti ti ìyá rẹ̀. Ọmọ náà rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì, ó sún mọ́ etí rẹ̀.

“Ó ti ń parí lọ, Bàbá,” ó ní. “Ẹ fara dà á díẹ̀ sí i.”

Ó sì fara dà á.