Ìwé Fíṣíìsì tí a Sá Sóòrùn

Ọjọ́ tí Baba Mojí fi ìwọ̀n kòkó wọn ìwé fíṣíìsì lójú mi ni mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí mo gbà kí n tó di olùkọ́ kò tó iṣẹ́ yìí ṣe.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Àwa olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Èkìtì ti kó ẹrù wa kúrò ní Àkúrẹ́, wọ́n sì gbé èmi àti Rónkẹ́ ìyàwó mi sí iléèwé kan náà ní Ìṣẹ̀. Èmi ń kọ́ fíṣíìsì, òun ń kọ́ oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán. Gbogbo ilé ló fẹ́ ní dókítà, bí ẹni pé ìjọba tuntun ti pàṣẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan wá.

Baba Mojí ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Mojí ọmọ rẹ̀ ti ṣe ìdánwò àṣewọlé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lẹ́ẹ̀kan, fíṣíìsì ló bá a jẹ́. Baba ní bó bá tún kùnà, kó lọ bá àǹtí rẹ̀ ní Òmùò, kó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ìdí nìyí tó fi ní kí n mú ìwé wá ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo mú méjì lọ. Mo ṣàlàyé pé gbogbo ìlànà fíṣíìsì ló wà nínú ìwé ńlá, ṣùgbọ́n ìwé kékeré, tó jẹ́ kìkì ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti ìdáhùn, ni yóò kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń bi í. Baba gba méjèèjì lọ́wọ́ mi. Ó gbé wọn kọ́ ìwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwé ńlá mi abẹ́rẹ́ ìwọ̀n díẹ̀. Abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n gbé kékeré kọ́.

"Tíṣà, ẹ ti fojú ara yín rí i."

"Bàbá, ìwé kì í ṣe kòkó."

"Òótọ́ ni. Kòkó sàn jù ú lọ. Ùwé tó fúyẹ́ báyìí ni yóò sọ ọmọ mi di dókítà? Dókítà ewúrẹ́ ni?"

Ùwé ni wọ́n ń pe ìwé níbẹ̀. Mo gbé kékeré padà sínú báàgì.

Nígbà tí Rónkẹ́ gbọ́ nípa Òmùò, ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mojí tó rán apá bùláòsì mọ́ ọrùn? Ẹ jẹ́ kó di dókítà o."

"Dókítà náà ń rán èèyàn."

"Ara èèyàn máa ń jinná. Bùláòsì kì í jinná."

Ohun tí a kò rò ni Baba Mojí fi ìwé ńlá tó gbà náà ṣe. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà sí i. Ó ní kí káfíńtà kan àpótí fún un, ó fi àgádágodo tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Àwọn ìbátan ń ti Emùrè wá kí ìwé. Mo bá àwọn àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí wọ́n ṣí fìlà níwájú àpótí, Mojí ń bu omi fún wọn. Mo bi í léèrè ibi tó kà dé.

"Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, sà. Mo kà á lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbé e wọ àpótí."

Mo bẹ Baba kó ṣí àpótí kí ọmọ lè kàwé. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kó gbó kí ìdánwò tó dé ni?"

Ọyẹ́ ti mú, ìdánwò ń bọ̀. Rónkẹ́ tẹ̀lé mi lọ. Kòkó kún orí ẹní lágbàlá, Mojí ń yí i. Rónkẹ́ kúnlẹ̀, ó ní òun wá kí ìwé. Baba ṣí àpótí. Rónkẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mi orí.

"Bàbá, ó mà ti ń bu."

"Kí ló ń bu?"

"Ùwé yìí. Ṣé ẹ máa ń ti kòkó tútù mọ́ àpótí ni?"

Baba náà gbóòórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kí la ó ti ṣe é, aya Tíṣà?"

"Kí la ń ṣe sí kòkó?"

"A ń sá a."

"Ẹ ò rí i. Ṣùgbọ́n ewé kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa yí o, kí oòrùn lè kan gbogbo rẹ̀. Ẹni tó mọ kòkó yí ni kó jókòó tì í."

Baba wo yíká. "Mojí, fi kòkó sílẹ̀."

Rónkẹ́ bá yọ ìwé kékeré nínú báàgì mi. "Ẹ fi èyí tẹ̀ ẹ́, kí atẹ́gùn má baà ṣí i. Kí Mojí máa ṣí òun náà, kó lè tẹ́ dáadáa."

"Èyí fúyẹ́ jù."

"Èyí tó bá wúwo yóò fọ́ ẹ̀yìn ìwé ńlá, Bàbá."

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo bi í bóyá ìwé náà ń bu lóòótọ́. Ó ní, "Gọ́ọ̀mù ló ń rùn. Ìwé tuntun ni."

Títí ọyẹ́ fi lọ, Mojí ń sá ìwé. Baba a lé ewúrẹ́, a ké láti inú ilé kòkó pé, "Ṣé ó ti gbẹ?" Ewé tó bá yé Mojí ló ti gbẹ. Orí tó dá lé iná mànàmáná nínú ìwé kọ̀, kò gbẹ rárá, Baba sì ránṣẹ́ pè mí. Mo jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó, a yanjú rẹ̀, ó yí ewé.

Mojí yege ìdánwò, ó wọlé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Baba kò gbé oríyìn fún fíṣíìsì. Oòrùn ló gbé e fún. Nígbà ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e, láti Ìṣẹ̀ dé Emùrè, ìwé wà lórí ẹní láàárín kòkó, ọmọ jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí bóyá ó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba. Mo ní kò tíì dé ibẹ̀. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, bí òbí bá bi mí pé ìwé wo ló dára jù fún ọmọ tó fẹ́ di dókítà, n kò bá wọn jiyàn ìwọ̀n mọ́. Mo kàn ń béèrè ibi tí wọ́n máa sá a sí.

Rónkẹ́ kú lọ́dún tó kọjá, ní Ìkẹ́rẹ́ níbí tí a kó wá lẹ́yìn tí a fẹ̀yìn tì. Dókítà Mojí ló tọ́jú rẹ̀ dé ibi tí ìtọ́jú mọ. Lọ́jọ́ tó fẹ́ rán ojú ọgbẹ́ kan fún un, Rónkẹ́ bi í bóyá apá òun ló fẹ́ rán mọ́ ọrùn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ti fèrèsé, mo ti ilẹ̀kùn.

Baba Mojí fi ọ̀pá tilẹ̀ wá láti Ìṣẹ̀. Ó jókòó sí pálọ̀. Lẹ́yìn náà ó fa imú.

"Tíṣà, ulé yìí ti ń bu."

Ó dìde, ó wọ́ àga mi lọ síta sínú oòrùn. Mo tẹ̀ lé àga náà.

"Ta ni yóò jókòó tì mí?" ni mo bi í.

Ó padà wọlé, ó wọ́ àga kejì jáde, ó jókòó. Nígbà tó ṣe, ó fi ọ̀pá kàn mí lẹ́sẹ̀.

"Ẹ yíjú síbí, Tíṣà. Apá ọ̀hún kò tíì gbẹ."