Òòlù Tí Mo Gbé fún Benson

Bí ẹ bá dé Ore tí wọ́n sọ fún yín pé igi Láoyè ló pa èrò ọkọ̀ ojú irin, ẹ wá bá mi kí n sọ tèmi. Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Mo ti darúgbó, ṣùgbọ́n orí mi ò dàrú.

Ìrágbìjí la ti wá. Rélùwéè ló gbé ọkọ mi wá sí Ore, kó máa yẹ igi tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ irin wò nílé ìlagi Ọ̀gbẹ́ni Benson. Wọ́n fún un ní òòlù kan tí nọ́ńbà tirẹ̀ wà lójú òòlù náà. Igi tó bá dára, á lu òòlù yẹn mọ́ ìdí rẹ̀, nọ́ńbà á wọnú igi. Igi tí kò bá ní nọ́ńbà, rélùwéè ò ní gbà á. Igi apá, tó le bí irin, ló fẹ́. Bí wọ́n bá gbé àfàrà wá, èyí tí ikán àti òjò máa ń tètè jẹ, á gbá a lẹ́ẹ̀kan, á gbọ́ bó ṣe dún, á ní, "Ẹ gbé e kúrò níwájú mi." Wọn ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá! Owó epo ti dé, gbogbo ayé ń sáré, ẹni tó bá ní kí wọ́n rọra, ọ̀tá ni.

Ọdún tí Ondo di ìpínlẹ̀ ni inú rírun dá ọkọ mi, Bàbá Àrínọlá, wó. Benson fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ondo. Wọ́n la inú rẹ̀, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo wálé wá mú aṣọ lọ́jọ́ kan ni Benson wọlé.

"Ìyá Àrínọlá, ẹ kú wàhálà. Ọkọ̀ ti dé láti wá kó igi. Èyí tí Bàbá ti yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀ ló kù ká lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú òòlù wọn."

Kí ni kí n sọ? Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo fa òòlù yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e fún un. Ó dá a padà lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú ọ̀pẹ̀yìnbó méjì. Èmi òmùgọ̀, mo dúpẹ́!

Wọ́n máa ń ri igi bọ ọ̀dà dúdú. Tó bá ti wọ ọ̀dà, ta ló fẹ́ mọ àfàrà yàtọ̀ sí apá? Lẹ́yìn ọdún méjì, ọkọ̀ ojú irin yẹ̀ lójú irin, èèyàn mọ́kànlá kú. Wọ́n hú igi jáde, àfàrà tó ti jẹrà ni, nọ́ńbà ọkọ mi ló sì wà nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ tí ìwé ìpè rélùwéè dé ni mo kúnlẹ̀, tí mo jẹ́wọ́ fún un. Ó ní, "Dìde. O ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níbì kankan." Ó sọ fún rélùwéè pé òun kọ́ ló lù ú. Wọ́n ní ta wá ni? Kò dárúkọ ẹnì kankan. Wọ́n lé e níṣẹ́. La bá di aroko-olóko ní Omifunfun, à ń tọ́jú kòkó onílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń dùn ún. Kó tó kú, ó fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba pé òun kọ́.

Nígbà tí ìjọba alágbádá dé, àwọn aṣòfin gbé àbá òfin kan kalẹ̀: kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rin ojú irin láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹni méjì jọ máa lu igi, kí òòlù má sùn nílé ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá sì yá ẹlòmíràn, ẹ̀wọ̀n ni. Bàbá Àrínọlá kọ̀wé sí wọn. Wọ́n fèsì pé àwọn ń bọ̀ ní Ore wá gbọ́ tẹnu aráàlú. Ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀ kẹ́yìn.

A dé gbọ̀ngàn, ta la rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aṣòfin? Benson! Wọ́n ní ó mọ̀ nípa igi.

Ọkọ mi sọ fún wọn pé òun kọ́ ló lu igi náà. Alága ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín dára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín ló wà nídìí igi yẹn. Ta ló gba òòlù yín?"

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo dìde. "Èmi ni mo gbé e fún Benson nígbà tí ọkọ mi wà nílé ìwòsàn!"

Benson rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ìyàwó rere!" Ni gbọ̀ngàn bá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Ó lé e bá o! Wọ́n ní kí òtítọ́ jókòó.

Alága ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó nawọ́ sí ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Màmá, tó bá jẹ́ òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀ ń lọ sẹ́wọ̀n nìyẹn nítorí èèyàn mọ́kànlá tó kú. Ṣé ẹ mọ̀?"

Mo ní mo mọ̀.

Bàbá Àrínọlá bá dìde. "Ẹ má dá a lóhùn. Èmi ni mo lu àwọn igi náà, kí n tó lọ sílé ìwòsàn." Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

Inú bí mi sí i, ó ń bí mi di òní. N ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé Omifunfun. Àwọn ṣọ́jà gbàjọba, àbá òfin náà ò di òfin. Ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹnu ọkọ mi sí ò kúkú sọnù, òun ni wọ́n ń tọ́ka sí títí tó fi kú.

Mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún pásítọ̀ tó sin ín. Ó gbàdúrà fún mi. Mo sọ ọ́ fún Àrínọlá, ọmọ tí mo bí nínú ara mi. Ó gbá mi mọ́ra, ó ń sunkún, ó ní, "Màmá, gbogbo wa la mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn Bàbá."