Ewúrẹ́ Ọ̀rẹ́ Ìyá Mi

Awọ funfun ti bo ẹyinjú ìyá mi méjèèjì. Dókítà ní Adó ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó sì kìlọ̀ pé bí a bá fi falẹ̀, ojú náà lè fọ́ pátápátá. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́, mo wakọ̀ láti Èkó wá sí Ìkẹ́rẹ́. Ìyá mi ní òun ò lọ. Ewúrẹ́ òun lóyún.

Mo bi í bóyá aláboyún náà fẹ́ kó di òun lọ́wọ́ mú nígbà ìrọbí. Ìyá mi ń táràrà nínú abọ́, ó ń ṣa èèpo iṣu tó ti kan kúrò, kí inú má baà run ìyàwó, bó ṣe ń pe ewúrẹ́ náà.

Ewúrẹ́ ọ̀hún kì í tilẹ̀ ṣe tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Emùré ló fún un sìn. Ọmọ àkọ́bí jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín, èyí tó bá tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹni tó ni ín. Bí ẹran bá kú, wàá gbé awọ rẹ̀ lọ fi han olówó ẹran, kó má baà rò pé o ti tà á. Ìyá mi ti gba ti àkọ́kọ́. Inú ọyẹ́ tó kọjá ni ọ̀rẹ́ náà kú.

Èmi ọlọ́gbọ́n, mo fóònù ọmọ olóògbé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí Mọ́mì fi ẹran náà se pẹpẹsúùpù. Mo gbé ìròyìn ayọ̀ yìí wọlé.

“Ọmọ rẹ̀ kọ́ ló fà á lé mi lọ́wọ́,” ni ìyá mi wí. “Bí mo bá fi ulé sílẹ̀, tí ẹran yìí kú, ta ni mo fẹ́ fi awọ rẹ̀ hàn?”

Mo ní òkú kì í béèrè awọ.

“Ìdí rẹ̀ nìyẹn,” ló fèsì.

Inú bí mi, ẹ̀rù sì bà mí. Ìyá mi fẹ́ fọ́jú nítorí ẹran.

Ọjọ́ Adó ku ọ̀la ni ìyàwó tó bí abo kan. Ìyá mi fọwọ́ pa á láti orí dé ìrù, ó bi mí pé àwọ̀ wo ni. Mo ní dúdú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní Emùré la ó kọ́kọ́ yà. Emùré kò sí lójú ọ̀nà Adó rárá, àmọ́ ta ló bi mí? Ìyá ẹran àti ọmọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ mi bí olóyè, wọ́n sì tọ̀ sí i.

Sàréè ọ̀rẹ́ ìyá mi wà níwájú ilé rẹ̀. Ìyá mi fọwọ́ wá sìmẹ́ńtì rẹ̀, ó gbé ọmọ ewúrẹ́ lé e.

“Tìrẹ rè é,” ó ní. “Abo ni. Wọ́n ní dúdú ni. Bí wọ́n bá ti ṣí ojú mi, n ó padà wá sọ fún ọ.”